Ogójì Kẹ́ẹ̀gì

Mítà omi kì í ka kẹ́ẹ̀gì, kì í sì í ka garawa. Kúbíìkì mítà ló ń kà, ìyẹn 1,000 lítà omi. Ẹni tó bá ti ti ọmọlanke rí, tàbí tó ti dúró ti mẹ́ruwà tó ń já omi, á tètè rí i pé 1,000 lítà yẹn jẹ́ kẹ́ẹ̀gì alálítà 25 lọ́nà 40. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí bí ọ̀rọ̀ owó omi bá ti délẹ̀ ní Èkó, "ó ti wọ́n jù" àti "kò wọ́n rárá" ni tọ̀tún-tòsì ń sọ síra wọn, kálukú sì ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọ̀n ọ́n. Ká ní mẹ́ruwà ń ta kẹ́ẹ̀gì kan ní ₦100. Kẹ́ẹ̀gì 40 di ₦4,000. Ká ní táńkà alálítà 10,000 ń gba ₦30,000 kó tó já omi sínú táǹkì yín: 1,000 lítà di ₦3,000. Omi inú ọ̀rá ńkọ́? Ọ̀rá 20 ló wà nínú àpò kan, ìdajì lítà ló wà nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà 10. Bí àpò bá jẹ́ ₦400, 1,000 lítà rẹ̀ ti di ₦40,000. Iye yìí ń yí láti àdúgbò dé àdúgbò àti láti oṣù dé oṣù. Ẹ fi iye tàdúgbò yín rọ́pò èyí tí mo lò, ẹ tún un ṣe. Ohun kan náà lẹ máa bá níbẹ̀: ẹni tó ń ra omi díẹ̀díẹ̀ ló ń ra èyí tó wọ́n jù lọ.

Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún wá ńkọ́? Lítà 50 sí 100 lóòjọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí ohun tó tó ẹnì kan láti mu, láti fi se oúnjẹ, láti fi wẹ̀ àti láti fi fọṣọ. Ká mú èyí tó kéré níbẹ̀, lítà 50. Ènìyàn márùn-ún á lo lítà 250 lóòjọ́, lítà 7,500 lóṣù. Kẹ́ẹ̀gì 300 nìyẹn, ₦30,000 lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ sọ di òfin ní oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Kò sí ẹni tó ń gba ₦70,000 tó máa kó ₦30,000 lé omi lórí, nítorí náà omi ni wọ́n máa dín kù. Omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ ni wọ́n máa fi nu ilẹ̀, òun náà ni wọ́n máa dà sí ilé ìyàgbẹ́. Ọmọ mẹ́ta á wẹ̀ nínú garawa kan. Ìyá á máa wo ọwọ́ ọmọ tó fẹ́ fọ̀ kó tó jẹun, á ní kó rọra bu omi. Bí wọ́n bá dín in kù títí tó fi di lítà 20 lórí ẹnì kan, ₦12,000 ṣì ni lóṣù.

Àwọn tó ń ṣèwádìí lórí owó omi sábà máa ń fi ààlà sí 3% tàbí 5% owó tó ń wọlé fún ìdílé. 3% ₦70,000 jẹ́ ₦2,100. Bí a bá pín in sórí lítà 7,500, ó jẹ́ ₦280 fún 1,000 lítà. ₦280 ni apá ìdílé yẹn ká fún kẹ́ẹ̀gì 40. ₦4,000 ni wọ́n ń san. Ẹ má jẹ́ kí iye méjèèjì yìí bọ́ lọ́kàn yín.

Èkó ti bá ìjọba jà rí lórí owó omi. Ní ọdún 1908, nígbà tí ìjọba amúnisìn ń pète láti gbówó omi lé àwọn ará ìlú lórí, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti kọ̀ ọ́. Àwọn èèyàn ní kànga wà ní àgbàlá àwọn, àwọn ò sì bẹ ẹnikẹ́ni fún omi ẹ̀rọ, pé ìrọ̀rùn àwọn òyìnbó ni wọ́n ń wá. Ní 1910 ni ibi ìpọnmi Ìjú bẹ̀rẹ̀, mílíọ̀nù 2.42 gálọ́ọ̀nù lóòjọ́, nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 lítà, àwọn òyìnbó tó ń gbé ní Ìkòyí ni wọ́n sì kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Nígbà tó di 1916 tí owó náà fẹ́ di gbígbà, ìjà náà tún ru sókè títí tó fi kan ààfin Ọba Eshugbayi Eleko.

Àwọn kan máa ń fa ìtàn yìí yọ láti fi sọ pé ará Èkó ò fẹ́ sanwó omi láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni wọ́n bi ìjọba: owó ta ni, ẹnu ọ̀nà ta ni omi náà sì ń dé? Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, a kò tíì dáhùn ìbéèrè náà. Ẹni tí páìpù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ń jẹ àǹfààní omi tó pọ́ọ́kú. Ẹni tí páìpù kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń sanwó orí, ó ń san VAT lórí ọṣẹ tó fi ń fọṣọ, ó sì tún ń ra kẹ́ẹ̀gì.

Ó yẹ ká mọ ohun tí omi ẹ̀rọ ń ná ẹni tó ń ṣe é. Odò Ògùn ni omi púpọ̀ nínú tÈkó ti ń wá. Ìdídò (dáàmù) Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, ló ń jẹ́ kí odò náà ní omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Àkútè ni wọ́n ti ń fa á, wọ́n á tì í lọ sí Ìjú, tí agbára rẹ̀ ti di mílíọ̀nù 45 gálọ́ọ̀nù lóòjọ́, àti Àdìyàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991 pẹ̀lú mílíọ̀nù 70. Omi tó bá ti odò wọlé ní ẹrẹ̀ lára. Wọ́n á po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn kí ẹrẹ̀ wẹ́wẹ́ náà lè so pọ̀, kó wúwo, kó sì rọlẹ̀. Álọ́ọ̀mù máa ń mú kí omi kan díẹ̀, nítorí náà wọ́n á fi láìmù, ìyẹ̀fun funfun tó ń pa kíkan, tún un ṣe kó má baà jẹ páìpù. Wọ́n á sẹ́ ẹ gba inú yanrìn kọjá. Ìgbẹ̀yìn ni kiloríìnì, tó gbọ́dọ̀ kù nínú omi títí tó fi dé ẹnu ẹ̀rọ yín, ó kéré tán mílígíráàmù 0.2 nínú lítà kan. Bí owó bá wọ́n wọn tí wọ́n sì dín álọ́ọ̀mù kù, ẹrẹ̀ tí kò rọlẹ̀ á lọ dí yanrìn náà. Omi tó mọ́ ni wọ́n máa fi fọ yanrìn yẹn léraléra, ohun tí wọ́n rò pé àwọn ti ṣọ́ ná á sì gba ẹ̀yìn jáde.

Iná mànàmáná gan-an ni ọ̀gá ìnáwó. Ká ní gíga tí wọ́n ní láti ti omi dé, pẹ̀lú bí inú páìpù ṣe ń fà á sẹ́yìn, jẹ́ mítà 100. 1,000 lítà á jẹ nǹkan bí ìdajì yúnìtì iná nígbà tí pọ́ǹpù bá ti gbó díẹ̀. Láti oṣù Kẹrin 2024, yúnìtì iná kan fún àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 ó kéré tán lóòjọ́ fún, ti kọjá ₦200, ìdajì rẹ̀ ti lé ní ₦100. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ onídísẹ́ẹ̀lì ni, yúnìtì kan ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lítà epo. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ ₦1,000, ìdajì yúnìtì ti di nǹkan bí ₦170. Nínú ₦280 tí apá ìdílé wa ká, iná nìkan lè jẹ ju ìdajì lọ, kò sì tíì kan álọ́ọ̀mù, kiloríìnì, owó oṣù òṣìṣẹ́, ká má tíì wá sọ páìpù tuntun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ ilé iná afẹ́fẹ́ gáàsì kan sí Àkútè ní 2010, mẹ́gáwáàtì 12.15, kí omi má baà máa dúró de iná ìjọba.

Ẹni tó bá sọ pé owó tí oníbàárà ń san gbọ́dọ̀ gbé gbogbo ìnáwó omi, kó tún ìṣirò òkè yìí kà. Kò lè ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti ìdílé yẹn kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ padà sọ́dọ̀ mẹ́ruwà.

Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó yìí, ibo ni omi ń lọ? Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́ gọ́tà kan ní àdúgbò àtijọ́ tí èrò pọ̀ sí, kí ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ẹ máa rí páìpù rọ́bà tín-ín-rín, onídajì ínṣì, onínṣì kan, mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, tí wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn bí ìfun nínú omi dúdú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ sí ilé kan. Ojú oríkèé tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ti ṣí lára àwọn kan, awẹ́ rọ́bà inú táyà ni wọ́n fi dì í. Nígbà tí omi bá wà nínú páìpù, omi tó mọ́ ń jò síta sínú gọ́tà. Ẹ ó rí i tó ń hó kúṣẹ́kúṣẹ́ lójú ibẹ̀. Nígbà tí pọ́ǹpù bá dákẹ́ tí omi inú páìpù sì ń sàn lọ síbi tó rẹlẹ̀, páìpù á ṣófo, á máa fà bí ẹni tó ń fi sítírọ́ọ̀ fa omi mu. Ojú tí omi ń gbà jáde tẹ́lẹ̀ ni omi gọ́tà á gbà wọlé. Nítorí náà ni omi tó kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta fi máa ń pọ́n, tó sì máa ń rùn. Ẹ jẹ́ kó sàn títí á fi mọ́ gaara, ẹ má sì gbé kẹ́ẹ̀gì tí ẹ fẹ́ mu sábẹ́ rẹ̀ kó tó dìgbà yẹn.

Àwọn kan wá so pọ́ǹpù mọ́ ara páìpù ìjọba tààrà kí omi lè tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tí pọ́ǹpù yẹn ń ṣe ni pé ó ń fa gọ́tà wọlé fún gbogbo òpópónà, ó sì ń gba omi mọ́ aládùúgbò lọ́wọ́. Ẹ gbẹ́ táǹkì ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi fúnra rẹ̀ sàn sínú rẹ̀, inú táǹkì yẹn ni kí pọ́ǹpù ti máa fà.

Nítorí pé omi ẹ̀rọ kò ṣeé gbọ́kàn lé, ẹni tó lágbára gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, bohóòlù tí gbogbo wa mọ̀. Kálukú di ìjọba ìbílẹ̀ tara rẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ sí. Ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ omi mọ̀ ni pé ó kéré tán mítà 30 gbọ́dọ̀ wà láàárín kànga àti sọ́kàwéè tàbí ṣaláńgá. Púlọ́ọ̀tì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní fífẹ̀ àti 120 ní gígùn, ìyẹn nǹkan bíi mítà 18 ní fífẹ̀ àti 36 ní gígùn. Bí ẹ bá fi kànga sí igun kan tí sọ́kàwéè sì wà ní igun kejì pátápátá, ẹ lè rí mítà 30 láti ara tiyín. Ti aládùúgbò ọ̀tún ńkọ́? Ti òsì? Ti ẹni tó wà lẹ́yìn ọgbà? Àwọn tó pín púlọ́ọ̀tì sí méjì kò tiẹ̀ ní ìrètí kankan. Ní etí òkun àti etí ọ̀sà, iyọ̀ tún ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀, bí a bá sì ṣe ń fa omi tó láti abẹ́ rẹ̀ ni iyọ̀ ń sún mọ́ wa tó. Ní ibòmíràn irin ló pọ̀ nínú omi: á mọ́ lójú nígbà tí ẹ bá pọn ọ́n, tó bá di òwúrọ̀, ìsàlẹ̀ garawa á ti pọ́n bí irin tó dógùn-ún, aṣọ funfun á sì bàjẹ́. Owó tí ará ìlú ti kó sínú ihò, pọ́ǹpù, òpó táǹkì, àsẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ ní ilé kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá kó o jọ, owó iṣẹ́ omi ni. Kìkì pé a ná an lẹ́yọ lẹ́yọ ni, kò sì di páìpù kan tó dé ilé ẹni tí kò ní.

Bí wọ́n ṣe ń ṣètò owó omi náà lè ṣe ẹni tí wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́ ní jàǹbá. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ìlú fẹ́ràn ni pé kí omi àkọ́kọ́ pọ́ọ́kú, kí èyí tó tẹ̀ lé e wọ́n díẹ̀, kí èyí tó pọ̀ jù sì wọ́n gan-an. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sí ilé fẹ́ẹ̀sì-mí-n-fẹ́ẹ̀sì-ẹ. Yàrá mẹ́wàá, ènìyàn mẹ́rin ní yàrá kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 40 lórí mítà kan. Ní lítà 50 lórí ẹnì kan, lítà 2,000 ni wọ́n ń lò lóòjọ́, mítà á ka 60 lóṣù. Ènìyàn márùn-ún nínú ilé ńlá tó ní ọgbà òdòdó lè má kọjá 30. Mítà ò mọ iye orí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn 40 yẹn ló máa bọ́ sí ibi tó wọ́n jù, ayálégbé ni lánlọ́ọ̀dù á sì pín in fún. Bí wọ́n bá fẹ́ lo irú ètò yẹn, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ ka iye ìdílé tó wà lórí mítà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi iye ìdílé náà sọ ipele omi tó pọ́ọ́kú di púpọ̀. Bí wọn ò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, iye kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn sàn jù.

Èyí tó burú jù ni bíìlì tí kò ní mítà rárá, tí wọ́n kàn wo irú ilé kí wọ́n tó kọ iye kan. Omi lè máà sàn fún oṣù mẹ́fà, bíìlì á máa bọ̀. Ẹni tó bá sanwó lẹ́ẹ̀mejì fún ohun tí kò rí, kò ní san ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí owó kò wọlé, kò sí owó epo. Nígbà tí kò sí epo, omi ò sàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ yíká.

Ibi mẹ́ta péré ni owó omi lè ti wá ní gbogbo ayé: àpò ẹni tó ń lò ó, àpò ìjọba, tàbí ìrànwọ́ láti ìta. Ẹ̀yáwó ò sí nínú wọn, torí pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí ló máa san án padà. Gúúsù Áfíríkà fi àpò ìjọba ṣe ohun kan tó ṣe kedere láti 2001: lítà 6,000 lóṣù lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìdílé, ìyẹn lítà 25 lóòjọ́ fún ènìyàn mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀ ti wá fi í mọ sọ́dọ̀ àwọn tálákà tó forúkọ sílẹ̀.

Ìlú Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1989 wọ́n ta iṣẹ́ omi England àti Wales fún aládàáni. Ìjọba kọ́kọ́ pa gbèsè nǹkan bíi bílíọ̀nù £5 rẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ náà, ó sì tún fi bílíọ̀nù £1.5 sí wọn lọ́wọ́. Lónìí gbèsè wọn lápapọ̀ ti kọjá bílíọ̀nù £60, èlé rẹ̀ sì wà nínú bíìlì. Ní oṣù Kẹrin 2025, bíìlì ilé kan gòkè sí £603 lọ́dún ní ìpíndọ́gba. Ti Thames Water, ilé-iṣẹ́ omi London, sún mọ́ £640. Scotland kò ta tirẹ̀, ìjọba ló ṣì ni ín. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Peckham àti Woolwich ní London, ẹ mọ ohun tí òfin fún yín: láti 1999, kò sẹ́ni tó lè já omi ilé yín nítorí gbèsè. Bí ẹ kò bá ní mítà, iye tí wọ́n dá lé ilé yín kí 1990 tó wọlé ni wọ́n ṣì ń fi ṣírò owó yín. Ẹni tó ń dá gbé inú ilé ńlá lè béèrè fún mítà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá sọ pé kò ṣeé fi síbẹ̀, kó béèrè fún iye tí wọ́n ń fojú bù dípò mítà. Ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba, tó ní mítà, tó sì ní ọmọ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọn ò tíì pé 19, tàbí tí àìsàn ń mú un lo omi púpọ̀, kó béèrè fún WaterSure, bíìlì rẹ̀ kò ní kọjá ìpíndọ́gba àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ náà. Wọn kì í sábà fún ni láìjẹ́ pé a béèrè.

Ní ilé, ìyẹn ní Èkó, ibi tí mo rò pé ó yẹ kí owó ìjọba kọ́kọ́ lọ ni owó ìsopọ̀ àti páìpù kékeré inú àdúgbò. Omi ẹ̀rọ tó pọ́ọ́kú kò ran ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lọ́wọ́. Owó tí wọ́n máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà láti fa páìpù wọ ilé ló ń lé tálákà sẹ́yìn. Bí ìjọba bá san apá kan, tí wọ́n pín ìyókù sórí bíìlì oṣù 24, mẹ́ruwà ni ìdílé yẹn máa kọ̀ sílẹ̀, owó tó ń fún un tẹ́lẹ̀ ló sì máa fi san án. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n yọ páìpù kúrò nínú gọ́tà, kí wọ́n fi mítà ńlá sí ẹnu ọ̀nà àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ iye omi tó wọlé àti iye tí mítà ilé kà. Bí méjèèjì bá jìnnà síra, omi ń jò tàbí ẹnìkan ń jí i, wọ́n á sì mọ òpópónà tí wọ́n máa gbẹ́ wò.

Ìlérí ibi ìpọnmi tuntun ni òṣèlú fẹ́ràn, torí pé ó ṣeé ṣí pẹ̀lú ìlù. Ìpele kejì Àdìyàn, mílíọ̀nù 70 gálọ́ọ̀nù mìíràn lóòjọ́, bẹ̀rẹ̀ ní 2013; nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́wàá, wọn ò tíì parí rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì parí rẹ̀, gọ́tà yẹn náà ni omi rẹ̀ máa gbà bí páìpù inú àdúgbò bá ṣì wà bó ṣe wà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pe àdúgbò yín sí ìpàdé lórí ìṣúná, ẹ bi wọ́n bí páìpù tí wọ́n máa rì ṣe gùn tó, àti òpópónà tí wọ́n máa rì í sí. Ilé mélòó ni wọ́n máa so mọ́ ọn? Ta ló ń san owó ìsopọ̀? Owó dísẹ́ẹ̀lì àti kiloríìnì ọdún yìí dà, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé owó ìkọ́lé nìkan ni wọ́n ń kà sí wa létí? Kí ẹ sì kọ ọ́ sí bébà kékeré kan, kí ẹ mú un dání: iye tí kẹ́ẹ̀gì 40 jẹ́ ní òpópónà yín lọ́sẹ̀ yẹn.